Ẹni Tí Ogun Pín Ọkàn Rẹ̀ sí Méjì

Ọmọkùnrin méjì ló kù nílé lọ́jọ́ tí ogun dé. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ìyá wọn ti lọ sọ́jà. Orogún méjì tí ìyá wọn ní kò bí ọkùnrin rárá. Obìnrin nìkan ni wọ́n bí, inú wọn kò sì dùn pé àwọn ọmọkùnrin méjèèjì yìí ni yóò jogún bàbá lọ́la. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ogun ti ń bọ̀, oníkálukú mú ọmọ tirẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọn kò pe ọmọ orogún wọn.

Ìró ìbọn ló sọ fún àwọn ọmọ náà pé ilé ti ṣófo. Ẹ̀gbọ́n gbé àbúrò rù, ó ń sáré lọ, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Nígbà tí àtiṣubú náà pọ̀ jù, àbúrò fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun sílẹ̀, kó sá àsálà fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n pínyà tó fi ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Òun náà yà wọ inú igbó kí ìró ìbọn má baà bá a. Kò mọ̀ pé igbó iwin ni. Ọdún 24 ló lò níbẹ̀.

Bí ìwé My Life in the Bush of Ghosts ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Amos Tutuola, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ló kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954, ọdún méjì lẹ́yìn The Palm-Wine Drinkard tó sọ ọ́ di olókìkí. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìwé yìí, iwin inú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ: iwin olóòórùn, iwin tí ara rẹ̀ dán bíi wúrà, iwin obìnrin tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń fi àwòrán hàn bíi tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ iléèwé ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, èmi náà sì bá iwin lọ. Nígbà tí mo tún gbé e lẹ́yìn tí mo ti di òbí, ibòmíràn ni mo dúró pẹ́ sí. Mo dúró síbi tí ọmọ tí ogun lé wọ igbó ti dàgbà, tó fẹ́ obìnrin láàárín àwọn tí kì í ṣe ènìyàn, tó bímọ, tí kò sì mọ ibi tí yóò máa pè nílé mọ́. Ẹni tí ogun gbé lọ sọ́dọ̀ àjèjì, tó sì rí ìfẹ́ níbẹ̀, ṣé ó ti dalẹ̀ ilé rẹ̀ ni?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo àwa ará Abẹ́òkúta, tó jẹ́ pé ogun ló tẹ ìlú wa dó.

Orúkọ ìlú tó ti di ahoro

Tutuola kò dárúkọ ogun inú ìwé rẹ̀. Kò sọ ẹni tó gbé e dìde, kò sọ ẹni tó borí. Kò sídìí tí wọ́n fi máa ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún ọmọ Ẹ̀gbá. Láàárín ọdún 1820 sí 1830, lẹ́yìn tí Òwu fọ́, ogun jẹ àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ run lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan lára àwọn tó ṣẹ́ kù gba Ìbàdàn lọ, wọn kò rí ìsinmi níbẹ̀. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, aṣáájú wọn, kó wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ, ní Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá rìn láti Ìtòkú lọ sí Ìjemọ̀, tí ẹ gba Aké kọjá sí Kémta, inú ìlú tí ogun pa rẹ́ ni ẹ ń gbà kọjá. Orúkọ ìlú tó ti di ahoro ni àwọn àdúgbò wa ń jẹ́.

Ìkìjà wà lára wọn. Nígbà tí ogun dó ti Òwu, Ìkìjà ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn tí ebi ń pa nínú odi. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé lẹ́yìn tí Òwu ṣubú, àwọn ológun yíjú sí Ìkìjà, wọ́n sì fọ́ ọ nítorí oúnjẹ yẹn. Ní 1834, àwọn Òwu wá bá wa lábẹ́ Olúmọ, a sì jọ ń gbé títí dòní, àwọn pẹ̀lú Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà àti Gbágùúrá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tí í ṣe ará ilé àti ẹni tí í ṣe àlejò ní Abẹ́òkúta, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbé oúnjẹ fún ta ni lọ́jọ́ ogun.

Inú ìlú yìí ni wọ́n bí Tutuola sí ní 1920, nígbà tí àwọn arúgbó tó fi etí ara wọn gbọ́ ìró ogun kò tíì tán nílẹ̀. Onígbàgbọ́ ni bàbá rẹ̀ Charles àti ìyá rẹ̀ Esther, iṣẹ́ àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ń ṣe. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fi í sọ́dọ̀ ọkùnrin Ígbò kan, F. O. Monu, kó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá yìí kò fún un lówó oṣù. Ó rán an lọ sí iléèwé Salvation Army dípò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ìwé sì dúró níbẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó ṣe é fún ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ló rí ní Èkó, lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ló sì ti ń kọ ìtàn.

Mo máa ń rántí ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn bí mo bá ń ka ìwé náà. Ọmọ tó ti kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ará ibòmíràn ló fún un ní ìwé tó kà, mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí ènìyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé kan kí ọkàn rẹ̀ sì máa fà sí òmíràn.

Ìyàwó inú igbó

Ìyà ni ọmọ náà kọ́kọ́ rí nínú igbó. Iwin olóòórùn sọ ọ́ di ẹrú, ó ń sọ ọ́ di oríṣiríṣi ẹranko, ó sọ ọ́ di ẹṣin, ó gùn ún káàkiri. Ọjọ́ lọ, ó sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó dé ìlú kẹjọ àwọn iwin, wọ́n gbà á bí ènìyàn, ó ní ọ̀rẹ́, ó sì rí ọmọbìnrin iwin kan fẹ́. Kí ìgbéyàwó tó wáyé, àlùfáà wọn fi iná àti omi gbígbóná ṣe ìrìbọmi fún un. Ó fara dà á. Ọmọ tí kò rí ẹni pè é lọ́jọ́ tí ogun dé ilé bàbá rẹ̀, òun ni gbogbo ìlú wá bá ṣe ìyàwó yìí. Síbẹ̀, ilé ń fà á. Ó fi ìyàwó náà sílẹ̀, ó tún bọ́ sọ́nà.

Obìnrin tó wá gba ọkàn rẹ̀ ni Tutuola pè ní Super Lady. Ẹranko ni ọ̀dọ́kùnrin wa kọ́kọ́ rí kó tó rí obìnrin. Gbogbo ẹni tó gbọ́ àlọ́ nígbà èwe mọ ibi tí èyí ti wá. Nínú àlọ́ wa, ọdẹ ló ń rí àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ sílẹ̀, tó di arẹwà. Ọdẹ á jí awọ náà pamọ́, á sì fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí orogún bá fi awọ yẹn bú u ni ilé náà ń tú. Tutuola yí àlọ́ náà padà. Nínú tirẹ̀, ọkọ ni àlejò, ọkọ ni kò ní ibì kankan tí yóò sá lọ. Obìnrin ló wà nílé ara rẹ̀, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ayé tí ń táràkà nínú igbó. Ẹnikẹ́ni kò jí awọ ẹnikẹ́ni. Méjèèjì mọ ẹ̀yà tí ẹnì kejì jẹ́, wọ́n sì jọ gbé.

Wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Ìdajì ọmọ náà ń ṣe bí iwin, ìdajì ń ṣe bí ènìyàn. Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá fẹ́ kó jẹ́ ọmọ ayé látòkèdélẹ̀. Ìyá fẹ́ kó jẹ́ iwin látòkèdélẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́ méjì péré, olúkúlùkù lè fi ìlú tirẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ dé, ìlú méjèèjì wọlé. Àwọn tó ti fẹ́ràn ara wọn láìka ẹ̀yà sí kò lè fẹ́ràn ẹ̀yà méjèèjì lára ọmọ kan ṣoṣo, ilé náà sì fọ́.

Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ilé tí bàbá ti jẹ́ Ẹ̀gbá, tí ìyá sì jẹ́ ọmọ ibi tí bàbá ńlá wa bá jagun. Ilé tí ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí èkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Tọkọtaya náà lè máa ṣeré bí ìbejì títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá àgbà ní orúkọ tirẹ̀ lọ́wọ́, ìyá àgbà ní tirẹ̀, wọ́n sì ń dúró kí wọ́n gbọ́ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ pè. Mo ti jókòó níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí, tí ẹnì kan fi ń bi ọmọ ọdún mẹ́rin pé, “Ti ta ni ẹ́?” Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nínú igbó iwin tàbí ní Abẹ́òkúta, èmi kò rí ohun tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe tí wọ́n fi ní kó pín ara rẹ̀.

Ìfẹ́ tí a kọ́ wa láti máa fura sí

Àwa Yorùbá ní ìtàn obìnrin tó wọ ilé ọ̀tá. Mọrèmi jẹ́ kí àwọn ará Ùgbò mú òun lẹ́rú, ọba wọn fi í ṣaya, ó gbọ́ àṣírí wọn, ó sì sá padà wá tú u fún Ifẹ̀. A ń yìn ín, ó sì tọ́ sí ìyìn, nítorí ohun tó san fún ìlú rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ìtàn kan ṣoṣo kò lè kọ́ni ní gbogbo ẹ̀kọ́. Bí Mọrèmi nìkan bá ni àpẹẹrẹ wa, a ó máa rò pé ẹni tó bá gbéyàwó nílé àjèjì gbọ́dọ̀ gbé àṣírí kan bọ̀ wálé kí á tó gbà pé tiwa ni. Mọrèmi ti dàgbà kó tó lọ. Ó mọ ohun tó ń wá lọ. Ọmọ inú ìwé Tutuola kò wá ohunkóhun lọ. Ogun ló jù ú síbẹ̀, ìfẹ́ tó rí níbẹ̀ ló sì jẹ́ kó dàgbà.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé lóde òní ti tún gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde. Ní 2018, Tomi Adeyemi, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ṣùgbọ́n tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, tẹ Children of Blood and Bone jáde. Ó fi orúkọ àwọn òrìṣà wa àti orúkọ ìlú wa hun ilẹ̀ kan tí ọba ti pa idán run, tó sì pa àwọn tó ní in. Zélie pàdánù ìyá rẹ̀ nínú ìpakúpa yẹn. Inan jẹ́ ọmọ ọba tó pàṣẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ idán ti ń hù lára òun náà, ó sì ń fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Àwọn méjì yìí fẹ́ràn ara wọn. Adeyemi ti sọ pé ìrora òun lórí àwọn ènìyàn dúdú tí ọlọ́pàá ń pa ní Amẹ́ríkà wà lára ohun tó bí ìwé náà. Inan gbìyànjú láti fi ọkàn kan sin bàbá àti olólùfẹ́, kò ṣeé ṣe. Nínú ìwé kejì, tó jáde ní 2019, ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìhà méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ tó ń ka irú ìwé yìí nílé ti rí bó ṣe ń gbà wọ́n lọ́kàn. Inú mi dùn sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá mọ̀ ni pé ọmọ ìlú wọn kan ti bá ìbéèrè yìí jìjàkadì ní ọdún 64 ṣáájú, kò sì ní kí ọ̀dọ́kùnrin inú ìtàn rẹ̀ kórìíra ibì kan kó tó lè fẹ́ràn ibì kejì.

Ọdún 25 ti Àjàyí

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìtàn àròsọ lásán ni, ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa gan-an. Ní 1821, ogun dé ìlú Òṣogùn. Wọ́n kó Àjàyí, ọmọdékùnrin, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi bọ́ sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró (Sierra Leone). Níbẹ̀ ló ti mọ ìwé, tó gba orúkọ Samuel Crowther. Níbẹ̀ náà ló ti mọ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀, tó wá di Susan. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1829. Ẹ ro ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì yìí wò: ogun gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fi ara wọn ṣe ilé.

Ní 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún ọdún náà, wọ́n mú ìyá arúgbó kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àfàlá, ìyá rẹ̀, ni. Nǹkan bí ọdún 25 ti kọjá tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Ẹni tí ìyá náà ń wò wọ aṣọ òyìnbó, ó ní orúkọ tí kò sọ ọ́, ó ń sin Ọlọ́run lọ́nà tí kò kọ́ ọ. Kò lé e padà. Ní 1848, òun náà ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hannah.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ló rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú ti ń ti Sàró bọ̀, tí wọ́n ń wá ìyá, tí wọ́n ń wá ẹ̀gbọ́n. Ìlú yìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tó lọ ní ọmọdé tó sì bọ̀ ní àlejò. Tutuola dàgbà láàárín àwọn ọmọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ pé ó ní Àjàyí lọ́kàn nígbà tó kọ̀wé. Ọdún 24 àti ọdún 25, ìyá àti ẹ̀gbọ́n, ẹrú àti àbọ̀: ọ̀rọ̀ ìlú wa ló wà nínú méjèèjì.

Orin tí ẹ̀gbọ́n gbọ́

Ọmọ inú ìwé náà padà wálé nígbẹ̀yìn. Ó ti kọ́kọ́ bá ìbátan rẹ̀ kan tó ti kú pàdé ní ìlú kẹwàá àwọn iwin, tí ìyẹn ti kọ́ ilé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti iléèwé síbẹ̀. Ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó ṣe, ó pàdé iwin obìnrin elégbò tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ fún un, ó sì rí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọwọ́ náà. Nígbà tí ìwé náà jáde, ọdún márùn-ún ló kù kí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní 1959. Ó wo egbò obìnrin náà sàn, ọwọ́ yẹn sì gbé e dé ibi tí ogun ti ká a mọ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìwé náà ń bọ̀ lẹ́yìn èyí. Àwọn olówò ẹrú mú un lẹ́ẹ̀kan sí i, lórí ilẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì tà á. Ara rẹ̀ kún fún egbò, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ọlọ́rọ̀ tó rà á nígbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tó gbé e rù tó ń ṣubú lọ́jọ́ ogun. Ẹ̀gbọ́n wò ó, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n nà án nínú ilé ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn iwin ti fún un níyàwó, wọ́n ti fún un lọ́mọ. Ní ilé, ẹgba ló kọ́kọ́ bá a. Nígbà tí Tutuola wá parí ìwé náà, kò dẹ́bi fún iwin kankan. Ó ní ìkórìíra ló fa gbogbo rẹ̀, a sì mọ ibi tí ìkórìíra yẹn ti bẹ̀rẹ̀: àárín orogún, lórí ogún bàbá, kí ọ̀tá kankan tó yọ lójú ọ̀nà.

Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Ní 1952, Dylan Thomas, akéwì ará Wales, yin ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé ìròyìn Observer. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni ojú tì. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, pé yóò ba orúkọ wa jẹ́ lójú òyìnbó. Ojú ni wọ́n fi ka ìwé náà. Ká ní wọ́n kà á sókè ni, wọn ì bá gbọ́ Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀, ohùn ìyá àgbà tó ń pàlọ́ lálẹ́. Ó pẹ́ kí ilé tó gbà á. Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á lálejò ní 1979, Amẹ́ríkà gbà á ní 1983. Ó kú n'Íbàdàn ní oṣù Òkúdu 1997.

Ní òpin My Life in the Bush of Ghosts, ọmọ tó ti padà sọ́dọ̀ ìyá àti ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ lọ wo àjọ̀dún kan tí àwọn iwin ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ará ilé ní kò gbọdọ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun ti wà níbẹ̀ lójú àlá. Mo ti gbọ́ kí àwọn òǹkàwé máa bínú sí i níbí pé kò moore. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ nínú igbó yẹn.

Bí ẹni tí ogun gbé lọ bá padà wálé lónìí, yálà láti ibùdó àsálà ni o, yálà láti ìlú òkèèrè tí àìrówó mú un sá lọ, a máa ń yára bi í pé ẹ̀yìn ta ló wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé ta ló fún un lóúnjẹ níbẹ̀, kí á sì gbọ́ orúkọ tí yóò dá láìfajú ro. Ẹ̀gbọ́n inú ìwé náà wo egbò àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ẹrú tí kò níláárí ló ń rí. Ìgbà tí ẹrú náà fi orin sọ bí wọ́n ṣe pínyà lọ́jọ́ tí ogun dé ló tó mọ̀ pé ọmọ ìyá òun ni òun ti ń nà. Ojú rẹ̀ kò dá a mọ̀. Etí rẹ̀ ló dá a mọ̀.